Fódà tí Ọmọ Mi Fi Orúkọ Bàbá Rẹ̀ Sọ

Bátìrì fóònù Àáfà ti wú. Ó wú débi pé ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ kò dé mọ́, rọ́bà ni mo fi so ó pọ̀. Inú fóònù yẹn sì ni gbogbo wáàsí tí Àáfà, ọkọ mi, ṣe ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ wà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e ka iwájú láti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Tí fóònù bá kú, ohùn rẹ̀ náà kú nìyẹn, n kò sì mọ bí màá ṣe sunkún ẹni kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo wà nínú opó, n kò lè jáde. Mo kàn jókòó ti fóònù náà ni, mò ń wò ó bó ṣe ń wú. Ọmọkùnrin wa tó wà ní ìlú òyìnbó ló ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní òun ní kọ̀ǹpútà kan nílé tí kì í sùn, sáfà ni wọ́n ń pè é, pé láti Ìlọrin níbí ni màá ti máa fi ohùn bàbá òun ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí mo ṣe jáde opó, mo gbé fóònù lọ bá ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ọjà Tuntun. Ó bá mi fi ohun tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sórí fóònù náà, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ mi wá ní, “Màmá, mo ti ṣí fódà kan sílẹ̀ fún Bàbá. Orúkọ wọn gan-an ni mo fi sọ ọ́. Ẹ ò ní rí i o, mo fi pamọ́ nítorí olè. Tí wọ́n bá béèrè ibi tí ẹrù ń lọ, ẹ ṣáà kọ orúkọ Bàbá, yóò ṣí.”

Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ fódà. Ó ní ó dà bí yàrá nínú agboolé. Tí ẹrù bá dé, tí yàrá tí wọ́n dárúkọ kò sí, sáfà kò ní kọ́ yàrá tuntun fún un, kò sì ní gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yóò dá a padà ni. Mo ní irú ilé wo nìyẹn? Nínú agboolé tiwa, àlejò tí kò rí yàrá ṣì lè rí ibi tẹ́ ẹní sí.

Mo délé, mo kọ “Àáfà”, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dá a padà. Mo kọ “Àáfà mi”. Ó dá a padà. Mo kọ “Bàbá Ilé”. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ sí mi kò ju agbára mi lọ: kò sí irú fódà bẹ́ẹ̀. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ra dátà. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára ní ọjà Ìpàtà, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, mo jókòó sí ìsọ̀ obìnrin kan tó ń ta iṣu, mò ń tẹ̀ ẹ́.

Oníṣu náà ń wò mí. “Ìyá Ilé-kéwú, ta lẹ̀ ń pè láti àárọ̀ tí kò dá yín lóhùn?”

“Ọkọ mi ni,” mo wí.

Ó wà lára àwọn tó wá jẹ sàárà níjọ́ tí a ṣe fìdáù rẹ̀. Ó rọra gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì bá mi ṣeré mọ́.

Nígbà tó sú mi, mo padà sí Ọjà Tuntun. Ọkùnrin kọ̀ǹpútà gba fóònù, ó ní, “Màmá, kí lẹ kọ síbẹ̀?”

“Àáfà.”

“Ṣé Àáfà ni wọ́n sọ wọ́n nílé ni?”

“Ohun tí mò ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀ nìyẹn.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, tí wọ́n bá ní kí gbogbo àáfà Ìlọrin bọ́ síta, mọ́tò ò ní ríbi kọjá. Èwo ni kí sáfà mú níbẹ̀? Kò mọ ọlá, kò mọ ọ̀wọ̀, orúkọ tí wọ́n fi sọ fódà ló mọ̀. Ó yá, ẹ pè é, kí n bá yín tẹ̀ ẹ́.”

Mo ń tún ìborùn mi wé.

“Àbí ẹ ti gbàgbé ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Èmi, gbàgbé? Gbogbo ẹni tó gbé wàláà wá síwájú ọkọ mi láti kọ́ kéwú, mo mọ orúkọ wọn, mo mọ ti ìyá tó bí wọn àti ti èyí tó kú ní kékeré nínú àwọn àbúrò wọn. N kò ní kọ ọ̀kan síbí, nítorí tí mo bá kọ ọ̀kan, àwọn tí n kò kọ yóò wá bá mi nílé. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Ìyá mi kò pe ti bàbá mi títí ó fi wọ sàréè. Nígbà tí mo lọ bí ọmọ tó ń yọ mí lẹ́nu yìí gan-an, nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ ọkọ mi, àbúrò rẹ̀ tó sìn mí lọ ló dáhùn.

Ọmọ mi ì bá kúkú sọ fódà yẹn ní “Bàbá”, kó sì parí. Ṣé òun náà ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ ni? Mo ní kí a pè é kó pa orúkọ náà dà. A pè, a pè, kò gbé e. Ó ti wọ ibi iṣẹ́.

Ibi tí a ti ń pè é ni ojú fóònù Àáfà ti ṣú. Ó tún mọ́. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò.

“Màmá,” ọkùnrin náà wí, kò rẹ́rìn-ín mọ́, “èyí ò ní dúró dè wá o. Tó bá kú, n kò ní tàn án mọ́, kó má baà gbiná mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Kọjú sí ògiri.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Mo ní kí o kọjú sí ògiri.”

Ó kọjú sí i. Mo gbọ́ tó ń kùn pé, “Ẹ̀yin ìyá Ìlọrin yìí.”

Mo tẹ orúkọ ọkọ mi. N kò jẹ́ kí ètè mi mira. Lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi pé, mo tẹ̀ ẹ́. Sáfà kò dá a padà. Wáàsí àkọ́kọ́ wọlé, èkejì tẹ̀ lé e. Mo yára pa orúkọ náà rẹ́ lójú fóònù, mo ní kí ó yíjú padà. A jókòó ti fóònù náà títí gbogbo rẹ̀ fi lọ tán. Kò pẹ́ sígbà náà tí ojú rẹ̀ ṣú, kò sì mọ́ mọ́.

“Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀kan láti ibẹ̀, kí ọkàn yín lè balẹ̀,” ó wí, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ síwájú mi. Ó tún kọjú sí ògiri kí n fi tẹ orúkọ náà.

Àáfà kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Mo jókòó, mò ń retí, bí a ṣe ń retí ẹni tí a pè lórúkọ. Ojú ń tì mí pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ó wú ikọ́ kékeré, irú èyí tó máa ń wú kó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ má bínú,” mo wí.

Ọkùnrin kọ̀ǹpútà rò pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

“Kò sí wàhálà, Màmá,” ó wí. “Ògiri náà kúkú ni mo wò.”