Kẹ́tùlù Ìyá Fúnmi

Títí dòní, tí mo bá rí ẹni tó di ojú kan wo nǹkan, olùkọ́ tó kọ́ wa ní àwòrán yíyà ní Ekenwan Road ní ìlú Benin ni mo máa ń rántí. Ìjẹ̀bú ni. Bó ṣe ń wo iṣẹ́ wa nìyẹn, á sì kígbe pé, "Dín in kù!" Ìyẹn ni pé ká yọ ohun tó pọ̀ jù kúrò nínú àwòrán.

Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde, ó kó ọsàn mẹ́ta láti ọjà Oliha sórí tábìlì, ó gbé kẹ́tùlù búlúù kan tì wọ́n, ó ní ká yà wọ́n fún ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ya gbogbo ibi tí kẹ́tùlù náà ti họ. Olùkọ́ di ojú kan wò ó.

"Ṣé o fẹ́ ta kẹ́tùlù ni? Dín in kù!"

Inú bí mi. Mo fi ọ̀dà bo gbogbo rẹ̀, ó ku roboto mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn àti búlúù ràbàtà kan. Mo ní kó kúkú fún mi ní òdo.

Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó rí orí tábìlì rárá, láti ọ̀ọ́kán ló ti nawọ́ sí àwòrán mi, ó ń pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Kẹ́tùlù mi rèé! Ẹ̀yin lẹ gbé e! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń fi ìkòkò ọbẹ̀ se omi tíì!"

"Ìyá Fúnmi, rọra, ìdánwò ni wọ́n ń ṣe."

Ìyá Fúnmi wọlé tààrà. Ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ. Olùkọ́ kọ A sí ẹ̀yìn iṣẹ́ mi, ó wá yíjú sí àwọn tó kù tó ń wo àyè tó ṣófo lórí tábìlì.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ máa yà á lọ."