Kọ̀ńtírólà Tí Bàbá Mi Ní Kó Sinmi

Òórùn ike tó jóná tí ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní ọ̀sán Àlàmísì kan dùn díẹ̀, ó korò díẹ̀, ó sì dúró sára kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí Iléyá dé. Aṣọ oníbàárà kún orí tábìlì, ó kún orí àga, ó dé orí bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti àbúrò mi ń sùn lé, nítorí télọ̀ ni bàbá mi, inú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ló sì ti ń ránṣọ.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn kò nílò kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná fún yín. Àwọn oníná gbé tiransifọ́mà àdúgbò wa lọ fún àtúnṣe, oṣù mẹ́rìnlá ni wọn ò fi dá a padà. Bíìlì nìkan ni kò rẹ̀. Oṣooṣù ló ń wọlé, mo sì ṣì tọ́jú gbogbo wọn sínú fáìlì kan. Mo mọ ẹni tó ṣẹ̀ wá, mo sì mọ iye ìgbà tó ṣẹ̀ wá. Bí wọ́n bá mú iná wá ni, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá má ṣẹlẹ̀. Àwọn ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Ẹnìkejì ni bàbá mi, kí Ọlọ́hun forí jìn ín. Ogún ọdún ló fi bá jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, ohun tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ́ ọ ni pé bí ẹ̀rọ bá ti gbóná, kí a pa á. Ó máa ń pa fáànù kó lè sinmi. Ó máa ń pa áyọ́ọ̀nù kó lè sinmi. Bí a bá ń wo eré lórí tẹlifíṣọ̀n, tó dé ibi tó dùn jù, yóò dìde, yóò pa á. A ó pariwo. Yóò ní, "Ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀, òun náà ní ara."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ epo sú u, ó pe Bọ̀dá Wàsíù, ọ̀dọ́kùnrin kan ní òpópónà wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúríìdọ̀mù nínú iṣẹ́ sólà. Bọ̀dá Wàsíù to páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé, ó to bátìrì sí abẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì kan kọ̀ńtírólà mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré ni, kò tóbi ju ìwé iṣẹ́ iléèwé lọ. Òun ló ń gba agbára oòrùn láti orí òrùlé, tó ń díwọ̀n rẹ̀ kó tó fún bátìrì. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án.

"Wàsíù, ẹ̀rọ yìí mà ń gbóná!"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Alájì. Wọ́n ṣe é kó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ni."

"Láìsinmi? Ìwọ lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láìsinmi?"

"Èmi kì í ṣe kọ̀ńtírólà, sà."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Wàsíù lọ gbé ìkejì wá, kí ọ̀kan máa ṣe òwúrọ̀, kí ìkejì máa ṣe ọ̀sán. Bọ̀dá Wàsíù họ orí. Ó mọ̀ pé kò pọn dandan. Ó wojú àgbàlagbà, ó ní, "Bí ẹ bá ṣe fẹ́ náà ni, sà." Mo ti fi ìyẹn náà kún ẹ̀bi tí mo ń kà: ẹni tó mọ iṣẹ́ gba ohun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sọ, nítorí ọ̀wọ̀.

Báyìí ló ṣe di pé bíréékà mẹ́rin tí a fi ń tan iná, tí a fi ń pa á, wà lára ògiri wa, méjì fún kọ̀ńtírólà kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá Wàsíù kọ OÒRÙN sábẹ́ ọ̀kan, ó kọ BÁTÌRÌ sábẹ́ ìkejì. Wọ́n ní èmi ni kí n máa yí i láti orí ẹ̀rọ kan sí ìkejì lójoojúmọ́ bí mo bá ti iléèwé dé, bí ladani bá ti ń pe ìrun Àìlà. Bọ̀dá Wàsíù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa fi ṣe déédéé. "Gbọ́ mi dáadáa, Bàṣírátù. Bí o bá fẹ́ pa á, oòrùn ni kí o kọ́kọ́ pa, kí o tó pa bátìrì. Bí o bá fẹ́ tan ìkejì, bátìrì ni kí o kọ́kọ́ tàn, kí o tó tan oòrùn. Bí oòrùn bá ń wọlé tí kò rí bátìrì tí yóò gbà á, ẹ̀rọ náà lè jóná." Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ nígbà méje. Mo fi ọdún kan gbáko yí i, n kò ṣì í rí. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń gun àpótí láti débẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fi ìlú lé lọ́wọ́.

Ní Àlàmísì yẹn, n kò tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù tí àbúrò mi fi sáré wọlé: "Àgbò wa ti dé! Ó ní ìwo bí ọwọ́ bàbá!" Mo gun àpótí. Etí mi wà níta. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ pa.

Ó dún "tá!" bí ẹni ṣẹ́ ìka. Èéfín tín-ín-rín jáde lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Mo dúró títí tí ara mi fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí n kò lè dárúkọ rẹ̀ ní àṣìṣe: mo pa oòrùn, mo tan bátìrì ìkejì, mo tan oòrùn ìkejì, gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe yẹ kó wà. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé àpótí padà sí àyè rẹ̀. Mo lọ wo àgbò.

Òórùn náà ló mú kí bàbá mi ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Wàsíù. Nígbà tó dé, ó wo bíréékà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí, "Èwo lo kọ́kọ́ pa lónìí?"

Pàṣán bàbá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní, "Oòrùn ni."

"O gbọ́ àbí?" ni bàbá mi wí. "Ayédèrú lo tà fún mi. Ọmọ yìí kì í parọ́."

Bọ̀dá Wàsíù kò jiyàn. Ó gbé òmíràn wá, ó so ó láìgba nǹkan kan, ó sì gbé èyí tó jóná lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàbá mi dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, ó sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní etí pé kí wọ́n ṣọ́ra fún Wàsíù. Kó tó di Iléyá ọdún kejì, Bọ̀dá Wàsíù ti yọ pátákó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lójú títì. Wọ́n ní ó ti kó lọ sí Odógbolú.

Ní yunifásítì, n'Íjagun, olùkọ́ kan fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé ohun tí Bọ̀dá Wàsíù fi gbólóhùn mẹ́ta kọ́ mi. N kò sọ òtítọ́ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà fún bàbá mi títí ó fi kú. Mo ń sọ fún ara mi pé ara rẹ̀ kò yá.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú ìwé ẹ̀sùn olójú ewé mẹ́ta lọ sí káńsù Odógbolú, nítorí gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ dé ìdajì tí wọ́n fi sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo wọ̀ ní garéèjì, Bọ̀dá Wàsíù ló ń wà á. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Ó bèèrè bàbá mi, mo ní ó ti kú, ó ṣàánú, ó ṣàdúà fún un. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi iṣẹ́ sólà sílẹ̀.

"Mo tú kọ̀ńtírólà yẹn wò, Bàṣírá, mo tú u títí. N ò rí ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Ìwọ ò parọ́, mo bi ọ́. Bàbá yín kì í ṣèkà. Ó ní láti jẹ́ èmi. Ó wá di pé bí mo bá ti mú wáyà dání nílé ẹnikẹ́ni, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Mo ní kí n má lọ jó ilé onílé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kẹ̀kẹ́ náà dáa. Alùhamdulilàhi."

Mo ní, "Àwọn oníná yìí ni wọ́n fa gbogbo rẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn oníná fún un, ó ń mi orí, títí a fi dé. Ó kọ̀, kò gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn parọ́ nítorí pàṣán, mo sì mọ bí pàṣán náà ṣe ń ta lára. N kò lè bínú sí i jù. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn ọkùnrin yẹn láti garéèjì dé ẹnu ọ̀nà káńsù, kò sí ẹni tó lè nà mí mọ́ láyé yìí. Ọ̀nà náà gùn tó fún gbólóhùn kan ṣoṣo, pé bátìrì ni mo kọ́kọ́ pa, n kò sì sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì wọlé lọ fi ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn sùn.