Ọ̀pá Ìbọn Tí Mo Fi Fẹ́ Ìyàwó

Òórùn èèpo ekùrọ́ tó ń jó ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nílé àwọn àna mi, kí n tó mọ yàrá kankan níbẹ̀. Ní Japoma ni, ní Douala, lẹ́yìn pápá ìṣeré ńlá tó wà níbẹ̀, níbi tí bàbá ìyàwó mi kọ́ àgbẹ̀dẹ wọn sí lábẹ́ páànù. Ọkọ́, àdá àti géètì ni wọ́n ń rọ fún àwọn ará Douala, ṣùgbọ́n ìdílé tó ń rọ ìbọn ọdẹ ni wọ́n ti wá. Baba wọn rọ ọ́, baba ńlá wọn rọ ọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Èmi ní tèmi, páàtì mọ́tò ni mo ń tà ní ọjà Ndokoti. Irin tí mo mọ̀, inú páálí ló máa ń wà. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ ọmọ wọn, bàbá kò bèèrè ilé tí mo ń gbé tàbí ibi tí mo ti ń gbàdúrà. Wọ́n ní àṣà kan wà nílé àwọn: ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ àwọn gbọ́dọ̀ bá bàbá ọmọ rọ ọ̀pá ìbọn kan. Bí irin náà bá là, kí onítọ̀hún gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Bàbá, ìbọn ní Douala? Àwọn ọlọ́pàá ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ yìn ín? Ọ̀pá lásán la máa rọ. Àbí ọmọ mi ò tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹ?"

Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á wé irin pẹlẹbẹ mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí ẹni ró ìró. Wọ́n á kì í bọ iná, wọ́n á lù ú kí etí rẹ̀ méjèèjì lè pàdé, wọ́n á sì fa ọ̀pá inú rẹ̀ yọ kíákíá kí irin tó tutù mọ́ ọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fẹ́ ẹwìrì, kí n sì fi ẹ̀mú fa ọ̀pá náà bí bàbá bá ti pariwo, "Yọ!" Òógùn bò mí, apá ń ro mí, ọmọbìnrin tí mo torí ẹ̀ ń jìyà sì dúró lójú fèrèsé, ẹ̀rín ń pa á. "Courage, chéri!" Ó ní kí n mọ́kàn le. A lù ú, ó yọ. A tún lù ú, ó yọ. Mo ti ń ro orúkọ tí a máa sọ àkọ́bí wa.

Ó wá ku ìlù ìkẹyìn. Bàbá pariwo, "Yọ!" Àfi bí ìyá ìyàwó mi ṣe wọlé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tí a kò tíì fojú kan ara wa rí. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ńkọ́, kí lo máa ṣe? Ìyá tó bí mi ti kìlọ̀ fún mi pé ọjọ́ tí mo bá rí ìyá ìyàwó mi, kí àyà mi kan ilẹ̀. Mo ju ẹ̀mú nù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èédú. "Ẹ kú àbọ̀ mà! Ẹ kú ìrìn mà! Ará ilé ńkọ́?" Ìyá náà sì jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún mi. Ta ní í dìde nígbà tí wọ́n bá ń wúre fún un? Bàbá ń pariwo, "Yọ ọ́! Yọ ọ́!" Èmi ń dáhùn, "Àmín! Àmín!" Kí àmín tó tán, irin ti dúdú.

Bàbá fà á, kò yọ. Wọ́n tún kì í bọ iná, ó túbọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó tutù, wọ́n pe àwọn ọlọ́kadà bensikin tó wà níta, àwọn yẹn dì í mú lápá kìn-ín-ní àti lápá kejì, wọ́n ń fà á títí gbogbo wọn fi ṣubú lu ara wọn. Ọ̀kan gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Papa, na weti dis?"

Bàbá ju òòlù sílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ó ti bàjẹ́. Kó máa lọ."

Ẹ̀rù bà mí gidi. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọmọbìnrin náà. "Papa, s'il te plaît, ẹ jọ̀ọ́." Mi ò tíì rí i kí ó sunkún rí, omi sì ti lé sí i lójú.

Ìyá mú irin náà nílẹ̀, wọ́n yí i wò. "Bàbá ọmọ mi, ṣé ó là?"

"Kò là."

"Àṣà ní bó bá là, àbí? Ẹ̀yin àti gbogbo bensikin Japoma fa nǹkan méjì yìí, ẹ ò lè yà wọ́n. Ọkọ wo lẹ tún wá ń wá fún ọmọ?"

Bàbá wo irin, wọ́n wo imú mi tó dúdú fún èédú. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Lọ bọ́jú ẹ, kóo wá jẹun."

Irin náà la fi ń dábùú ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa báyìí. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá wá kí wa, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lé orókún, wọ́n á fà á. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní nǹkan tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, èmi sì rò pé iṣẹ́ tó bàjẹ́ yẹn ló ṣì ń dun àgbà náà.

Àìpẹ́ yìí ni wọ́n wá bá wa ní àárọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi jà, tí a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n lọ gbé irin. Wọ́n fà á títí iṣan ọrùn wọn fi yọ.

Wọ́n ní, "Kò yọ." Wọ́n gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Kí lẹ sè?"

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe irin ni bàbá ń dán wò.