Ọmọ Tí Mo Gbé sí Àyà

Nígbà tí wọ́n gbé àkọ́bí mi lé mi lọ́wọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ dá a padà. Oṣù rẹ̀ pé o, àmọ́ gbogbo ara rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ní ibà tó ń ṣe ìyàwó mi léraléra nínú oyún, àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kò tó, ni kò jẹ́ kí ọmọ rí oúnjẹ tó nínú. Ibà yẹn, tí gbogbo wa ń pè ní àárẹ̀ lásán!

Ọyẹ́ ń jà ní Jos nígbà náà. Ìyá mi dé sí ilé ìwòsàn láti ilé rẹ̀ ní Túdùn Wádà pẹ̀lú kànìnkànìn, òrí, àti fúláàsì omi gbígbóná. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun ló kọ́kọ́ wẹ gbogbo ọmọ ilé wa. Bó bá wẹ ọmọ tán, yóò na apá, yóò na ẹsẹ̀, yóò sì jù ú sókè kí àyà má baà máa já a. Ó ti ń ṣí fìlà lórí ọmọ kí nọ́ọ̀sì tó rí i.

“Haba, Mama! Kada ki yi masa wanka!”

Ìyá mi, tó ti fi Hausa tajà láti ìgbà èwe, gbọ́ ọ yékéyéké: kò gbọdọ̀ wẹ ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀rá lára, òtútù lè pa á. Àyà èèyàn ni kí a gbé e sí, ní ìhòòhò, títí yóò fi lágbára láti fa ọmú. Kò lè fà á rárá. Ife kékeré ni wọ́n fi ń kán omi ọmú sí i lẹ́nu, mo sì mọ̀ pé bí kò bá lè mu, kò ní í pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ibà tún ti dá ìyàwó mi gúnlẹ̀. Ni wọ́n bá ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ̀yìn la fi ń pọ̀n ọmọ,” ni ìyá mi wí. “Ọkùnrin wo ló ń pọ̀n ọmọ síwájú? Wallahi, mo ti rí nǹkan!”

Síbẹ̀, ìró tirẹ̀ ló tú, òun náà ló fi dì í mọ́ mi pinpin.

Ọkàn ọmọ náà ń lù kìkìkì bíi ti òròmọdìẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára mi. Ara èmi yìí, tí mo rò pé kò wúlò ju kó gbé ẹrù lọ! Àwámárìídìí ni iṣẹ́ Olúwa. Mo kàn ń wo àtàrí rẹ̀.

Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí orí rẹ̀ ń rìn kiri àyà mi, tó ń fi ẹnu wá nǹkan. Kí n tó mọ̀, ó ti gbá orí ọmú mi mú, ó sì fà á. Ó fà á gan-an ni! Mo figbe ta.

Ìyá mi sáré wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Kí lò ń wò? Gbé e fún ìyá ẹ̀! Ebi ń pa ọmọ!”

Mo yára tú ìró náà. Ebi ń pa ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ebi ń pa ọmọ mi.