Ẹja Kànga àti Òtapíápíá Mi

Òórùn kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mo ti wọlé nígbà yẹn. Mo lè fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí n tún fi ọṣẹ ọmọ fọ̀ ọ́ sí i, síbẹ̀ tí mo bá gbé ọmọ mi sáyà, á kọ́kọ́ yínmú kó tó wá ọmú. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti bímọ, mi ò ríṣẹ́, ni mo bá ń ta òtapíápíá, oògùn aáyán àti ẹ̀fọn tí gbogbo Èkó mọ̀. Màá ra ojúlówó rẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì l'Óṣòdì, màá gbé e wá sílé tá a háyà n'Ísọlọ̀, màá fi kẹrosíìnì là á, màá rọ ọ́ sínú ìgò kéékèèké. Lójú ara mi, onímọ̀ ni mí. Ṣebí mo ní kírédíìtì nínú Kẹ́mísìrì.

Kànga kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà wa. Ìyá onílé, ọmọ Ọ̀yọ́, ti ju ẹja àrọ̀ kan sínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nílé bàbá wọn, kó lè máa jẹ tanwíjí, kó sì máa ṣe ẹlẹ́rìí: bí ẹja bá wà láàyè, omi dára nìyẹn. Wọ́n fẹ́ràn ẹja yẹn ju ayálégbé lọ. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ju búrẹ́dì sí i, wọ́n á sì kí i kí wọ́n tó dá wa lóhùn.

Ìdí kànga yìí ni mo ti ń ṣan ìgò àlòkù àti kẹ́ẹ̀gì tó bá ti gbẹ. Mi ò kì í fi omi tí mo bá fi ṣan wọ́n ṣòfò o. Ìyá mi kọ́ mi pé ọlọ́gbọ́n kì í da ohun tó ṣì lágbára nù. Yíká ẹnu kànga ni mo ń dà á sí, kí aáyán àti ọ̀kùn má bàa súnmọ́ omi tá a fi ń wẹ̀, tá a fi ń se ẹ̀wà. Ìmọ́tótó ni mo pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹja léfòó. Ìyá onílé ra òmíràn. Kò pé oṣù kan, ìyẹn náà yí ikùn sókè. Ni wọ́n bá pe gbogbo wa jọ.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹni tó ń fún ẹja mi ní májèlé, inú ilé yìí ló ń sùn."

Ọ̀dọ̀ tísà, obìnrin Èkìtì tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi, ni gbogbo ojú yí sí, nítorí òun àti ìyá onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ jà lórí owó iná ni. Tísà ní, "Mọ́mì, kí ni màá fi ẹja yín ṣe? Ṣé mo ní ẹja ò kí mi ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi tí tísà yìí bá wẹ ọmọ lọ́sẹ̀ tí mo bímọ, èmi ni mo tiẹ̀ sọ̀rọ̀ jù. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo pàtẹ́wọ́: "Àǹtí Tísà, ẹni tó lè pa ẹja lè pa ọmọ o!" Ìyá onílé ní kó kẹ́rù rẹ̀ jáde kí oṣù tó parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọbìnrin kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ oògùn kòkòrò wò, tó gbé fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó ń wá àwọn tó ń ta oògùn yìí. Ó ní ìgbésí ayé oògùn náà lòun fẹ́ mọ̀: ibi tí wọ́n ti bí i, ọwọ́ tó ń gbà kọjá, ohun tó ń fi ilẹ̀ àti omi ṣe, títí dé ibi tó parí sí.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ ni?" Mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ń bi mí, mò ń dáhùn bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Nígbà tó béèrè ibi tí omi ìṣan ìgò ń lọ, mo mú un lọ sídìí kànga, mo fi ibi tí koríko ti jó gbẹ hàn án. "Aáyán kan ò jẹ́ dé ibí!" Mo ń retí kó yìn mí.

Báírò rẹ̀ dúró. "Àǹtí, ilẹ̀ kì í gbé e mì kó parí síbẹ̀. Òjò á tì í wọnú kànga. Ẹja la fi ń dán an wò lọ́dọ̀ wa, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ pa. Ta ló ń lo omi yìí?"

Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wo tísà bó ṣe ń di ẹrù, tí mò ń sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ ọjọ́ ogbó ló pa ẹja. Ẹja méjì, ogbó kan náà. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ jẹ́wọ́. Ìyá onílé ní, "Ìyàwó, ìwọ tó o gbọ́mọ pọ̀n?" Wọ́n ní kí tísà tú ẹrù rẹ̀, kí èmi di tèmi.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tísà. Kò bú mi. Ó ní, "Dìde, mo ti gbọ́. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ ẹ, ṣé o ti sọ fún wọn?"

Ẹ̀yìn títì Àgọ́ Palace là ń gbé báyìí, aṣọ ọmọdé ni mò ń tà l'Óṣòdì, ọmọ mi sì ti ń lọ síléèwé. Tí mo bá rí obìnrin tó ń ra òtapíápíá, mo máa ń dá a dúró, kí n sọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ da omi ìṣan ìgò sí. Ọ̀kan ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n pa aáyán mi jàre." Mi ò bínú sí i, bí èmi náà ṣe rí nìyẹn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti tísà, ìyẹn ni mo ṣe rí i kúnlẹ̀ fún. Àwọn tí mo fọwọ́ ara mi rọ ìgò fún, mi ò mọ ilé wọn, mi ò sì mọ kànga wọn.