Àlàfo Àárín Ilé Méjì ní Kubwa

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi dé gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, téèpù ìwọnlẹ̀ wà lápò mi. Ọdún 1987 ni. Àwọn àgbà ilé wa fẹ́ ta àlàfo tó wà láàárín ilé wa àti ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, níbi tí ilé ti wó. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró di ọjọ́ Àìkú, kí n lọ wo bí àbúrò mi Fọlákẹ́ àti ìdílé mẹ́ta mìíràn ṣe kọ́lé sínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ní Kubwa, nítòsí Àbújá. Àwòrán ilé tí mo fẹ́ ká kọ́ síbẹ̀ ti wà nílẹ̀: yàrá mẹ́jọ, àgbàlá kan, ilé ìdáná ńlá kan fún gbogbo wa.

Ogún náírà ni owó Píjò. A gba Ìlọrin, Jẹ́bà àti Mọ́kwà, níbi tí kòtò ti bẹ̀rẹ̀. Ní Bídà mo jẹ màsà, tí wọ́n fi ìrẹsì dín, mo sì wọn ẹnu ọ̀nà ilé roboto kan. Dírẹ́bà ń wò mí.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ ra Bídà ni?”

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé Kubwa. Ilẹ̀ wọn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógójì, ó gùn ní ọgọ́rùn-ún. Ilé méjì kọjú sí méjì, kànga wà láàárín. Tsakar gida ni àwọn Hausa ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Ó jọ tiwa gan-an, àfi pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹbí: ará Kàbà, ará Ìsẹ́yìn, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ńṣe ni wọ́n yan ara wọn.

Àmọ́ ilé ìdáná kéékèèké mẹ́rin ni mo bá lórí ìpìlẹ̀ ńlá kan. Fọlákẹ́ ní ẹyọ kan làwọn kọ́kọ́ kọ́. Kò sẹ́ni tó jà. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, kálukú ti ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n bá wó o, wọ́n kọ́ mẹ́rin.

“Bọ̀ọ̀dá mi, a lè jọ fa omi, a lè jọ wo ọmọ. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa se ọbẹ̀ lójú obìnrin mẹ́ta, bí ìdánwò ni.” Ó wo àwòrán mi. “Kí ni Ìyá Àgbà sọ sí i?”

Mi ò tíì bi í. Ìyàwó àgbà bàbá wa ni, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó lè kọ́ ohunkóhun nílé wa tí òun ò bá fọwọ́ sí i. Àwọn ọkùnrin nìkan ni mo ti ń fi àwòrán mi hàn.

Nínú mọ́tò tó ń padà bọ̀ ni mo ti tún un yà, ilé ìdáná kékeré fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, ìlà wọ́gọwọ̀gọ. Lọ́jọ́ Sátidé mo jókòó ti Ìyá Àgbà nídìí ààrò rẹ̀. Ó fi ìka sún ilé ìdáná tirẹ̀ lórí àwòrán náà sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ní kí òun lè máa rí ẹni tó ń wọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí àwọn àgbà tó dárúkọ iye tí wọ́n fẹ́ tà á, Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀.

“Ààrò mi ti wà níbẹ̀. Ta lẹ fẹ́ tà á fún?”

Àwọn àgbà fi ọ̀rọ̀ títà sílẹ̀. Ilé ìdáná rẹ̀ la kọ́kọ́ mọ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án.