Ẹyin Tútù Nínú Òróró

Ohùn tí mo kórìíra jù láyé ni ohùn fóòkì tó ń po ẹyin nínú abọ́. Ẹlòmíì á gbọ́ ọ, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Èmi á gbọ́ ọ, itọ́ á kún mi lẹ́nu, irú itọ́ tó máa ń ṣáájú èébì. Mo lè jẹ ẹyin bí wọ́n bá sè é títí tó fi le, tí inú rẹ̀ gbẹ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa há èèyàn lọ́fun. Ṣùgbọ́n ẹyin tútù, pẹ̀lú omi rẹ̀ tó ń yọ̀, tó ń fà bí ikun imú ọmọ tí òtútù mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sún mọ́ mi.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi ti Èkó dé tó ní òun fẹ́ fi ẹyin tútù ṣe oúnjẹ nínú ilé ìdáná mi níbí ní Ìkàrẹ́, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun nìkan ni mo bí. Ó jáde ilé ìwé gíga, kò rí iṣẹ́, ó bá lọ kọ́ oúnjẹ sísè lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń dáná fún àwọn Faransé ní Èkó. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mayonéèsì. Ó ní kì í ṣe èyí tó ń wà nínú ìgò, tí à ń dà sórí sàláàdì níbi òkú, bí kò ṣe ti àwọn Faransé gan-an, tí wọ́n ń fọwọ́ pò nílé, tí wọ́n sì ń jẹ tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá pò ó.

Ó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ kékeré sí yàrá iwájú ilé wa, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tún rédíò ṣe nígbà tó wà láyé. Á máa ta ànàmọ́ díndín, ẹja sísun, àti búrẹ́dì tí wọ́n fi adìẹ sí láàárín, mayonéèsì yìí á sì wà lára gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, èmi nìkan ni mò ń gbé ilé náà, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti káńsù, tẹlifíṣọ̀n ni mò ń kí. Mo ti ń rò ó pé màá bá èèyàn nílé báyìí, òórùn oúnjẹ á pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé ẹyin tútù ló máa pàdé mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró ti tábìlì, ó fọ́ ẹyin sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ o. Ó la ìka díẹ̀, omi funfun ẹyin náà sì ń yọ́ gba àárín ìka rẹ̀ bọ́ sínú abọ́, ó ń fà, kò fẹ́ já, ó rọ̀ síbẹ̀, ó ń mì. Pupa rẹ̀ nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó fi pupa náà sínú abọ́ mìíràn, ó fi iyọ̀ sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó wá ṣí ìgò kékeré kan tó gbé ti Èkó bọ̀. Mọ́sítáàdì ló pè é. Ata ni, àbí kí ni, òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́.

Ó wá ń po gbogbo rẹ̀, ó sì ń kán òróró sí i díẹ̀díẹ̀. Ó ní ẹni tó bá dà á gìrì ti ba iṣẹ́ jẹ́. Níbi tó ti ń ṣàlàyé fún mi lọ́wọ́ ni ọwọ́ òun náà yá jù, gbogbo rẹ̀ bá tú. Ohun tó kù nínú abọ́ ni òróró tó léfòó, tí èérún ẹyin ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú rẹ̀, bí ohun tí ọmọ ọwọ́ máa ń pọ̀ sí ìyá rẹ̀ léjìká. Mo ní kó lọ dà á nù. Ó ní rárá, pé kì í bàjẹ́ tán. Ó tún fọ́ ẹyin mìíràn, ó tún fi ìka sẹ́ ẹ lójú mi, ó sì ń bu èyí tó tú yẹn sí i ní ṣíbí kékeré, ó ń pò ó títí apá fi ń ro ó. Ó dì lóòótọ́. Ó kóra jọ, ó funfun, ó ń dán, ó dúró sórí ṣíbí láìjábọ́. Ó nà án sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ní eyín ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Mo kéré, mi ò tíì wọ ilé ìwé, Ọ̀kà ni à ń gbé nígbà náà, nínú ilé bàbá mi tó wà lábẹ́ àpáta. Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì rí ìgò mínírà kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí omi tó mọ́ gaara wà nínú rẹ̀. Kẹrosíìnì ni. Kí n tó mọ ohun tó ń jó mi lọ́fun, mo ti gbé e mì. Nílé wa láyé ìgbà yẹn, ọmọ tó bá mu kẹrosíìnì, epo pupa àti ẹyin tútù ni oògùn rẹ̀. Wọ́n á fọ́ ẹyin sínú epo, wọ́n á fi ìjábẹ̀ tí a fi ń ja ewédú lù ú títí á fi ki, wọ́n á wá rọ ọ́ fún ọmọ náà kó lè bì. Mo ti dàgbà kí nọ́ọ̀sì kan tó sọ fún mi pé kò dáa rárá, pé bíbì yẹn gan-an lè gbé kẹrosíìnì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, pé ọsibítù ló yẹ kí wọ́n sáré gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òbí mi mọ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo rántí kò pọ̀. Mo rántí itan ìyá mi tí wọ́n tẹ́ mi lé, mo rántí ọwọ́ bàbá mi tó di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú. Mo rántí ohùn ìjábẹ̀ nínú igbá, ṣàkàṣàkà, ṣàkàṣàkà. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan tútù kan, tó wúwo, tó ń yọ̀, tí kò ṣeé rún, tí kò sì ṣeé tu dànù, ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun mi bí ẹni pé ó ní ẹ̀mí. Mo bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú mi. Látọjọ́ náà ni èmi àti ẹyin tútù ti pínyà. Mi ò sọ ọ́ fún ọmọ mi rí, nítorí bí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́ ni ọ̀fun mi á máa gòkè. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí pàápàá, mo ti dìde lọ fi omi ṣan ẹnu.

Ọmọ mi kò mọ ìkankan nínú èyí. Ó ń po mayonéèsì rẹ̀ lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń mọ́ ọn sí i. Tíṣà tó ń gbé iwájú ilé wa fi jẹ ànàmọ́, ó lá ìka. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wá, wọ́n jẹ, wọ́n tún béèrè. Gbogbo ìyìn yẹn kò tó o. Èmi ló ń wò lójú, èmi sì máa ń rí nǹkan wí: mo ti yó, mò ń gbààwẹ̀, inú ń run mí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó fi í sí búrẹ́dì, ó gbé e fún mi, ó sì jókòó tì mí. Kò síbi tí mo fẹ́ gbà. Mo gé e jẹ. Bó ti kan ahọ́n mi ló tàn ká, ó bo eyín mi, ó bo àjà ẹnu mi, ó ń yọ́ síbẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, mo ń fi ọwọ́ júwe pé mo fẹ́ lọ ká aṣọ, mo bá sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ tu ú sí ìdí ìbẹ́pẹ. Kò tíì balẹ̀ dáadáa tí adìẹ aládùúgbò fi dé, wọ́n ń ṣá a jẹ. Adìẹ ń jẹ ẹyin adìẹ, nínú itọ́ mi. Ìyẹn ló wá parí ọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ ti igi ìbẹ́pẹ, mo bì gbogbo tíì tí mo mu láàárọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wò mí.

Kò pariwo. Ó bu omi fún mi, ó dúró kí n ṣan ẹnu tán, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Mọ́mì, bí ẹ̀yin tí ẹ bí mi bá ń bì í, ta ni mo fẹ́ tà á fún ní Ìkàrẹ́? Ọ̀gá mi ní àyè mi ṣì wà. Màá padà sí Èkó."

Mo ní kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń bì, ẹyin ni. Ó ní ẹyin náà ni oúnjẹ òun. Ó wọlé lọ ń ká aṣọ. Ẹ̀rù bà mí. Inú sì tún bí mi pọ̀ mọ́ ẹ̀rù náà, nítorí kí ni ọmọ ń fi ẹyin tútù dán ìyá rẹ̀ wò sí? Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mò ń gbọ́ bó ṣe ń fa síìpù àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, a wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀kà kó lè dágbére fún ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Yèyé ti darúgbó, ẹsẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí kò kàn án. Ọmọ mi ṣáájú mi gun òkè dé ibẹ̀. Ó gbé ẹyin àti òróró dání, ó ní òun ò ní lọ láìjẹ́ kí Yèyé tọ́ iṣẹ́ òun wò. Bí a ṣe dé ló sọ fún un pé òun ń padà sí Èkó, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Yèyé kàn wò mí.

Nínú ilé ìdáná, mo gbé iṣu kaná. Ọmọ mi sẹ́ ẹyin rẹ̀, ó wá rí i pé òun ò mú ohun tí òun fi ń pò ó wá. Ó wo ògiri, ó rí ìjábẹ̀ Yèyé níbi tó fi kọ́, ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣàkàṣàkà, ṣàkàṣàkà. Ọwọ́ mi dúró lórí ìdérí ìkòkò. Mi ò lè yíjú.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ Yèyé tó ń wọ́ bọ̀ láti iwájú ilé. Ó di ògiri mú, ó yọjú, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ta ló mu karosíìnì ní ulé yìí?"

Ọmọ mi ní kò sí ẹni tó mu kẹrosíìnì, pé mayonéèsì ni. Yèyé wo inú abọ́, ó rí ẹyin, ó rí òróró, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì sọ ọ́ fún ọmọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgò mínírà, ọyẹ́, gbogbo rẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ bí ìtàn tí mo mọ̀, àfi ìgbà tó dé ibì kan tí mi ò mọ̀ rí.

"Ùwọ rè é, o pa eyín dé," ó ní, ó ń nàka sí mi. "Bàbá rẹ fẹ́ fi ṣíbí là á, mo ní rárá, eyín á kán. Mo ní, wò mí. Mo mu ún, o wá lanu. Mo tún mu, o tún lanu."

Ó ní bí mo ṣe ń bì lọ́wọ́ bàbá mi ni òun náà ń bì lẹ́yìn ilé. Ó ní òun ò fẹnu kan ẹyin láti ọjọ́ náà. Mo rántí gbogbo Kérésìmesì tó máa ń pín ẹyin fún wa tí abọ́ tirẹ̀ á sì ṣófo. Ìfẹ́ ìyá ni mo pè é, mo ti dìde sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rí pàápàá. Ìfẹ́ ìyá kọ́ ló mú abọ́ yẹn ṣófo. Ìríra ni, ìríra kan náà tó ń dà mí láàmú.

Ọmọ mi fẹ́ gbé abọ́ náà kúrò níwájú wa, ṣùgbọ́n Yèyé di etí abọ́ náà mú. Ó ní kí wọ́n bu iṣu wá. Ó gé e, ó fi í ra mayonéèsì náà dáadáa, kò rọra fi kàn án, ó sì jù ú sẹ́nu. Mo rí i bó ṣe di ojú. Mo rí i bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe gòkè, tó dúró, tó wá sọ̀ kalẹ̀. Ó fi etí ìró nu ẹnu rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

"Lanu," ó ní.

Mo lanu. Ọmọ mi ló fi iṣu ra á, tó fi í sí mi lẹ́nu. Ó tutù, ó ń yọ̀, ó bo gbogbo eyín mi, kò yí padà láti ọjọ́ ọyẹ́ yẹn. Ojú Yèyé ni mò ń wò. Mo gbé e mì. Ó fẹ́ padà wá, mo tún gbé e mì.

Ọmọ mi bi mí pé ṣé ó dùn.

"Kò dùn," mo ní. "Ó rí mi lára dé egungun. Bù sí i."